Yangí Tí Mo Pè Ní Àpáta

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Èmi bàbá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí láti Ayétòrò. Ìyá Tísà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ pé èmi kò mọ̀wé. Bí wọ́n bá kọ orúkọ mi gàdàgbà sára ògiri, màá fẹ̀yìn tì í, màá sì máa jẹ iṣu mi lọ. Mo ti kìlọ̀ fún Ìyá Tísà pé kí ó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Tí o bá rí ọ̀rọ̀ tó dùn jù nínú ìwé yìí, òun ló fi í síbẹ̀. Èyí tó bá korò, tèmi ni.

Ara mi le. Orúnkún òsì ń dùn mí bí òjò bá ṣú, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Ẹ̀gẹ́ ń ta dáadáa. Mo ti kí ọ tán nìyẹn, jẹ́ ká lọ sórí ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ, kò ṣeé sọ lórí fóònù. Lórí fóònù, ìwọ á ti máa sunkún kí n tó dé àárín rẹ̀, èmi náà á sì yára pa á. Ìwé kì í sunkún. Màá fi í rán awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn lọ́la, kí ó lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ yẹn.

Ṣé o rántí bí o ṣe pè mí lọ́jọ́ Àìkú? Mo bi ọ́ pé, "Iṣẹ́ tuntun ńkọ́?"

O ní, "Bàbá, ó dára."

Mo ní, "Irọ́ ni. Ohùn rẹ kò jọ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára."

Nígbà náà ni o tú u sílẹ̀ bí àpò àgbàdo tó já nídìí. Èmi kò gbọ́ ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń rò ó títí di ọjọ́ kejì. Jẹ́ kí n tún un sọ fún ọ bí ó ṣe yé mi, kí o mọ̀ bóyá bàbá rẹ gbọ́.

O ní bàálù kan fò lọ fò bọ̀ lókè ilẹ̀, ní ìlà ní ìlà bí ẹni tó ń kọ ebè. Irinṣẹ́ kan wà lára rẹ̀ tó ń gbọ́ òòfà inú òkúta, òòfà yẹn tó ń fa irin mọ́ra. O ní òkúta tó wà nítòsí, ohùn rẹ̀ á ga, á sì kúrú, bí ìgbà tí ọmọdé bá ké. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn tirẹ̀ á fẹ̀, á lọ́ra, á fà gùn. Ohùn méjèèjì ló jọ ń dé inú irinṣẹ́ náà pọ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí o sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó. O tún ní ilẹ̀ máa ń gbóná sí i bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀, àti pé bí òkúta bá gbóná dé ibì kan, òòfà inú rẹ̀ á kú. Ibi tí òòfà bá parí sí, ibẹ̀ lẹ ti máa ń mọ ibi tí iná ilẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá súnmọ́ òkè, omi gbígbóná náà á súnmọ́ òkè, wọ́n á sì lè fi ooru rẹ̀ ṣe iná mànàmáná.

Mo gbọ́, àbí n kò gbọ́?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó ń bà ọ́ nínú jẹ́. O ní bí o bá fi fèrèsé kékeré wo àwòrán ilẹ̀ yẹn, ìyẹn bí o bá mú apá kékeré nìkan yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ìdí òòfà á hàn bí ẹni pé ó súnmọ́. Bí o bá fi fèrèsé ńlá wò ó, á jìn lọ. Mo ní kí o fi ohun tí mo mọ̀ ṣàlàyé fún mi. O ní ká sọ pé a gbé ọ̀nà Ayétòrò sí Ìlaró dúró bí òpó, ká rì í mọ́ ilẹ̀. Fèrèsé kékeré ní a ò ní rìn dé ìdajì ọ̀nà kí a tó débi iná. Fèrèsé ńlá ní ó kọjá ìdajì dáadáa. Mo bi ọ́ pé èwo ni òótọ́. O ní, "Bàbá, mo rò pé ti ńlá ni, torí ohùn tó gùn kò lè wọ inú fèrèsé kékeré tán. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra."

Mo ní, "Kọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

O ní, "Ọ̀gá mi ní àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa kò fẹ́ 'bóyá'. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́. Ó ní kí n kọ ti fèrèsé kékeré, kí n sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí mi ò bá lè kọ ọ́, ó ní ẹni tó máa kọ ọ́ wà níta."

O sì fi kún un pé àwọn àgbẹ̀ abúlé tí bàálù yẹn fò lókè rẹ̀ ti gbà pé àwọn á fi oko wọn sílẹ̀ bí ìwé rẹ bá ti sọ pé iná súnmọ́. Ohun tó gbé mi dìde lábẹ́ máńgòrò nìyẹn.

Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, mo máa ń fọwọ́ kàn án wò. Nítorí náà mo tú rédíò àtijọ́ wa, mo yọ òòfà ìdí sípíkà rẹ̀, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Sùlé alágbẹ̀dẹ. Mo ní kí ó bá mi fi ìṣó ńlá kan sínú iná.

Sùlé ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbẹ́ kànga láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ṣé iná ló wá kù tí ẹ fẹ́ gbẹ́?"

Mo ní, "Ọmọ mi ló fẹ́ gbẹ́ ẹ."

"Ọmọbìnrin yín?"

"Ọkùnrin wo lo mọ̀ tí mo bí?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì fẹ́ ẹwìrì. Ìṣó náà pọ́n bí ẹyin iná. Ó fi wáyà so ó rọ̀, mo gbé òòfà súnmọ́ ọn. Kò mira. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. A dúró. Bí pupa rẹ̀ ṣe ń ṣá, tó ń di dúdú bọ̀, ńṣe ló ṣàdédé fò mọ́ òòfà ọwọ́ mi, pà! Sùlé pariwo. Ó ní òun ti ń rọ irin láti kékeré, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbàgbé ọkọ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, mo mọ̀ pé òótọ́ ni iṣẹ́ rẹ. Kì í ṣe idán. Iṣẹ́ kan náà sì ni èmi pẹ̀lú rẹ ń ṣe: a dúró sókè, a ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo ti ṣì í sọ lẹ́ẹ̀mẹta tí n kò lè gbàgbé. Jẹ́ kí n kà wọ́n fún ọ.

Èkínní, mọ ibi tí o ti ń kà.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ nígbà náà, ọ̀gá mi gbé mi lọ sí Ihunbo. Àwa agbẹ́kànga, ìdúró ènìyàn la fi ń wọn jíjìn. A á ta kókó sára okùn, kókó kan fún ìdúró kan. Ọ̀gá ní kí n wọn kànga tí a ti gbẹ́ dé omi. Mo so okùn mọ́ igi tí a gbé dábùú lórí òpó méjì, níbi tí a ti ń fa erùpẹ̀ sókè. Mo sọ okùn sísàlẹ̀, mo kà á, mo jáde síta, mo fọ́nnu fún onílé pé, "Ìdúró mẹ́sàn-án!" Onílé, bàbá arúgbó kan tó ní ẹnu bí abẹ, mú okùn tirẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ létí ihò, ó wọ̀n ọ́n láti ojú ilẹ̀. Mẹ́jọ ni. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ àyà rẹ̀ nù, ó pe gbogbo agbo ilé jáde. Ó ní, "Ẹ wá wo agbẹ́kànga tuntun! Ó ti gbẹ́ ìdúró kan nínú afẹ́fẹ́!"

Títí a fi kúrò ní Ihunbo, Agbẹ́-afẹ́fẹ́ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pè mí.

Bàálù yín wà lókè, Mojísọ́lá. Òkè yẹn kì í ṣe ilẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín, o máa ní, "Bàbá, a máa ń yọ ọ́ kúrò." Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kí o yọ ọ́ kúrò. Má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀gá mi rò pé mo ti mọ̀, èmi rò pé kò sí ohun tó kù kí n mọ̀.

Èkejì, má gbé ilẹ̀ ibì kan lọ síbòmíràn.

Ní apá Afon, bí o bá gbẹ́ díẹ̀, àpáta á dá ọ lóhùn. Mo ti gbẹ́ tó kànga mẹ́wàá níbẹ̀, mo ti mọ àpáta ibẹ̀ bí ẹni mọ ìyá ìyàwó rẹ̀: kò jìnnà, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n wá pè mí sí Òkè-Ọ̀dàn. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀, mo sọ fún àwọn tó pè mí pé, "Kí a tó gbẹ́ ìdúró márùn-ún, àpáta á kàn wá, omi á sì jókòó sórí rẹ̀." Èmi àti ẹnìkejì mi, Láńre, bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Márùn-ún kọjá. Méje kọjá. Yanrìn ni, yanrìn, yanrìn. Láńre ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jáde ká ronú." Mo ní, "Àpáta ń bọ̀." Ní ìdúró kẹwàá, ẹ̀gbẹ́ ihò ya lulẹ̀, ó bo Láńre dé ìgbáàyà. Okùn ìdí rẹ̀ ló gbà á là. Ènìyàn mẹ́fà la fi fà á jáde. Nígbà tó mí tán, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí kì í ṣe Afon." Ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò bá mi ṣiṣẹ́ mọ́ títí tó fi kú. Wọ́n padà sọ fún mi pé gbogbo ọmọdé Òkè-Ọ̀dàn ló mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn kò ní àpáta nítòsí. N kò bi wọ́n ni.

Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ bá sọ pé, "Báyìí la ṣe ṣe é níbi tó kọjá, fèrèsé kékeré yìí la lò," kí o rántí ìgbáàyà Láńre. Bí àyè bá sì wà, lọ sí abúlé yẹn. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bóyá wọ́n ní omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbì kan, bóyá kànga wọn jìn. Bàálù kò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìwọ lè béèrè.

Mo fẹ́ pa òwe kan síbí, òwe àmúkùrù tó bà síbi tí kò yẹ àti bí wọ́n ṣe ń rọra pa á, ṣùgbọ́n Ìyá Tísà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mojí, mi ò ní kọ ìyẹn sí ọmọ yín." Mo ní ọmọ mi ti dàgbà. Ó ní òun náà ti dàgbà, òun kò sì ní kọ ọ́. Ó dáa. O mọ òwe náà. Ohun tó lẹ́gẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta wá kù. Òun ni ìdí tí mo fi ní kí a kọ ìwé.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ níyàwó, ṣáájú kí a tó bí ọ, ó bẹ̀ mí pé kí n gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé ìdáná òun. Ó ní ojú ń ti òun pé ìyàwó agbẹ́kànga ń ru omi láti odò. Mo bọ́ ṣòkòtò, mo wọ inú ilẹ̀. Ní ìdúró mẹ́ta, dígà mi kan ohun kan, ó dún gan-an, ó ta sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi ní eyín. Mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mo gun òkè, mo sọ fún gbogbo ẹni tó pé jọ pé, "Àpáta ni. Kò sí omi níbí." 

Ìyá rẹ dúró létí ihò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ dán an wò dáadáa? Mo gbọ́ ọ láti òkè níbí. Ó ń dún bí ìkòkò. Ó jọ pé nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, mo ní, "Ìwọ tí o ń yan gàrí, láti ìgbà wo ni o ti di agbẹ́kànga? Ṣé o fẹ́ wá wọ ihò fún mi ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó gbé bàsíà rẹ̀, ó kọrí sí odò. Mo di ihò náà padà, a sì ń to igi ìdáná sórí rẹ̀. O ti jókòó sórí igi yẹn rí, ní kékeré rẹ, o ń jẹ àgbàdo.

Mojísọ́lá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú ènìyàn mẹ́wàá ni n kò lè yí padà. Kì í ṣe pé n kò ṣiyèméjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí mo bá gbẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíràn tí mo sì bá yangí pàdé, yangí líle tó dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ bí àwo, tí mo fọ́ ọ, tí mo rí ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ọkàn mi á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná wa. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, tiwa yàtọ̀, tiwa àpáta ni. Kí ni wọ́n á sọ bí agbẹ́kànga bá lọ hú ihò tó ti dí? Báyìí ni ìyá rẹ ṣe ru omi láti odò, ọdún lórí ọdún, títí o fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaró.

A sọ fún ọ pé ibà ló pa á. Kì í ṣe ibà.

Òjò ọdún náà pọ̀. Ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò bọ̀ pẹ̀lú bàsíà omi lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ìbàdí rẹ̀ fọ́ mọ́ gbòǹgbò igi. Wọ́n gbé e wálé. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ó ní kí a má pè ọ́ wálé nítorí ìdánwò rẹ. Ohun tó sọ fún mi kẹ́yìn kò ju èyí lọ: "Ẹ bá mi sọ fún Mojí kí ó jẹun." Kò dárúkọ kànga. Ì bá ti bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ìyá Tísà dá ìwé kíkọ dúró níbí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mojí, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ fún un pé ibà ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́."

Ó ní, "Ṣé kí n kọ gbogbo rẹ̀?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀."

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí ìwọ ti padà sí Ìlaró, mo kó igi ìdáná kúrò. Mo hú ihò náà. Mo dé ibi tí dígà ti ta mí nígbà náà, mo sì lù ú bí ẹni tó ń lu ọ̀tá. Mojísọ́lá, kò nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Yangí ni. Ó fọ́, mo rí yanrìn tútù lábẹ́ rẹ̀, ní ìdúró keje omi sun. Mo jókòó sísàlẹ̀ ibẹ̀ títí omi fi dé orúnkún mi. Àwọn tó wà lókè ń pè mí.

Nígbà tí o dé fún ìsinmi, o bi mí pé, "Bàbá, ṣebí ẹ ní kò sí omi níbí?" Mo ní mo rí ojú ibòmíràn. Irọ́ ni. Ojú kan náà ni. O fa omi náà, o mu ún, o ní, "Bàbá, omi wa mà dùn o." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Kò tí ì tó ogún. Òótọ́ ti bá tèmi lónìí, mo sì mọ̀ pé o lè máà fẹ́ rí ojú mi fún ìgbà díẹ̀. O ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìdí tí mo fi sọ ọ́ nísinsìnyí.

Ohun tó wà nítòsí máa ń pariwo. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi: ohùn tirẹ̀ ga, ó kúrú, ó ń bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Yangí pariwo lábẹ́ dígà mi, mo gbà á gbọ́, n kò dúró gbọ́ ohun tó fà gùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ló gbọ́ ọ. Ẹni tí kò gbẹ́ kànga rí ló gbọ́ ọ, mo sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tó pa á kì í ṣe pé mo ṣì í. Gbogbo agbẹ́kànga ló ń ṣì í. Ohun tó pa á ni pé mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀, nígbà tí ohun tí mo mọ̀ kò ju pé dígà mi ta sókè lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kọ méjèèjì. Kọ ohun tí fèrèsé kékeré rí, kọ ohun tí fèrèsé ńlá rí, kọ èyí tí o gbà gbọ́ jù àti ìdí rẹ̀, kọ ọ́ pẹ̀lú pé o kò lè búra. Lọ bá ọ̀gá rẹ ní kùtùkùtù, kí ó tó ní àlejò. Kúnlẹ̀ kí i. Má gbé ohùn sókè, má pè é ní òpùrọ́, torí ó lè jẹ́ pé òun náà ti sọ̀rọ̀ lójú ènìyàn mẹ́wàá ni. Bá a wá ọ̀nà tí á fi padà láìsí ẹ̀tẹ́. Sọ fún un pé, "Ọ̀gá, bí a bá kọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó lè padà wá sọ pé a tan òun." Ì bá jẹ́ pé ẹnì kan rọra bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, bóyá ǹ bá ti tètè hú ihò yẹn. Lójú gbogbo ènìyàn ni ìyá rẹ ti bi mí, lójú gbogbo ènìyàn ni mo ti dá a lóhùn. Àṣìṣe tiwa méjèèjì nìyẹn, ṣùgbọ́n tèmi ló tóbi jù.

Bí ọ̀gá bá kọ̀, má fọwọ́ sí i. Ìkúnlẹ̀ ni mo ní kí o kúnlẹ̀, n kò ní kí o dọ̀bálẹ̀ fún irọ́. Jẹ́ kí ẹni tó wà níta wá fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá lé ọ, wálé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páànù orí rẹ̀. Ebi kò ní pa ọ́ nílé yìí. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn bá fi oko sílẹ̀ nítorí ìwé rẹ, tí ilẹ̀ sì kọ̀ láti gbóná níbi tí o ní ó ti máa gbóná, kò sí yàrá tí o máa sá wọ̀ tí wọn ò ní bá ọ níbẹ̀. Èmi mọ̀. Mo ti wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: má máa fi tíì àti búrẹ́dì ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá rẹ ní kí o jẹun. Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀lé ọ yẹn, mú un wá kí n rí i. Kí ó má ra nǹkan kan wá. Màá bi í léèrè ohun tí kò mọ̀, màá wò ó bóyá ó máa lè sọ pé òun kò mọ̀. Bí ó bá lè sọ ọ́, fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Ìyá Tísà ní ọwọ́ ti ń ro òun.

Láti ọjọ́ tí omi ti sun nínú kànga yẹn, n kò mu ún rí. O ò mọ̀. O máa ń rò pé agbè omi òjò ni mo fẹ́ràn. Gbogbo àdúgbò ń mu ún, ewúrẹ́ ń mu ún, èmi nìkan ni kò lè gbé e mì. Lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀, ohun yòówù tí ọ̀gá rẹ bá sọ, bí inú rẹ bá ti rọ̀ sí mi, wálé. Má bá mi sọ̀rọ̀ bí o kò bá fẹ́. Lọ tààrà sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ, fa omi, kí o sì gbé e wá fún mi. Lọ́wọ́ rẹ, màá mu ún.

Èmi ni, bàbá rẹ. Ìyá Tísà fi inki sí mi ní àtàǹpàkò, mo tẹ̀ ẹ́ síbí kí o lè mọ̀ pé lóòótọ́ ni mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí mo sọ.